Láti Yaba dé Iponri: Bí .ng Ṣe Rìn, àti Bí Orúkọ Ṣe Ń Bọ́ Mọ́ni Lọ́wọ́

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1995, Nàìjíríà gba lẹ́tà méjì: n àti g. Kì í ṣe ìjọba ológun Abacha ni wọ́n kó o fún, kì í ṣe NITEL tó ń ta tẹlifóònù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá kankan ní Marina tàbí Victoria Island. Yaba College of Technology ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ pé kí gbogbo ayé máa bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ni Ìyáàfin Ibukun Odusote, òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn. Láti ọjọ́ náà ni .ng ti wà fún ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ parí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí .gh ṣe wà fún ará Ghana, tí .bj sì wà fún ará Benin.

Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wà ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Jon Postel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Southern California. Òun àti àwọn díẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń pinnu nígbà náà pé ta ni kó máa tọ́jú orúkọ orílẹ̀-èdè wo. Lẹ́tà méjì-méjì yẹn kì í ṣe àrà tí Postel dá. Inú àkójọ ISO 3166 tí ayé ti ń lò tẹ́lẹ̀ ló ti mú wọn. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni ìlànà tó gbé jáde ní oṣù Kẹta 1994, nínú ìwé tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní RFC 1591. Ìlànà náà ní ẹni tí a bá fi orúkọ orílẹ̀-èdè sí níkàáwọ́, alágbàtọ́ lásán ni. Kó má jà sí i pé òun ló ni ín, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe fún ará ìlú rẹ̀ ni kó gbájú mọ́.

Yaba kò ṣàjèjì sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣí Yaba Higher College ní 1934, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó kó lọ sí Ìbàdàn ní 1948 láti bẹ̀rẹ̀ ohun tó padà di Yunifásítì Ìbàdàn. Yabatech fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Yunifásítì Èkó sì tẹ̀ lé e ní Akoka ní 1962. Bí ohun tuntun kan bá ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà láti ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, kò sí bí kò ṣe ní í yà ní Yaba.

Àmọ́ orúkọ wà, ìlà tẹlifóònù ni kò sí. Títí di ìgbà tí GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù Nàìjíríà kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìlú lé ní 100 mílíọ̀nù. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn fún orúkọ orílẹ̀-èdè kan, kò gbọ́dọ̀ sùn, kò gbọ́dọ̀ wo ojú NEPA. Nítorí náà, Randy Bush, onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Oregon tó ti bá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tún irú nǹkan báyìí ṣe, ló bá Nàìjíríà mójú tó apá ẹ̀rọ. Ìwé sọ pé Yaba, kọ́kọ́rọ́ wà ní Oregon. Olóòótọ́ ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìjà. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, pé orúkọ inú ìwé yàtọ̀ sí ọwọ́ tó di kọ́kọ́rọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo olè tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé.

Ọdún tí Yaba gba .ng náà ni olè orúkọ tó lókìkí jù lọ wáyé ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gary Kremen ti forúkọ sex.com sílẹ̀ ní 1994. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, kò san kọ́bọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1995, lẹ́tà kan dé sí Network Solutions, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ orúkọ .com sínú ìwé. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Stephen Cohen, tí kò tíì pẹ́ tó jáde lẹ́wọ̀n. Lẹ́tà náà ní ilé-iṣẹ́ Kremen ti lé Kremen dànù, ó sì ti yọ̀ǹda orúkọ náà fún Cohen. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ń jẹ́ Online Classifieds, síbẹ̀ lẹ́tà náà sọ pé wọn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Cohen bá wọn jíṣẹ́. Ọmọdé ní Ojúẹlẹ́gba yóò rẹ́rìn-ín. Network Solutions kò rẹ́rìn-ín, kò sì pe Kremen lórí fóònù láti bi í léèrè. Ó yí orúkọ náà padà.

Ọdún márùn-ún gbáko ni Kremen fi ń rin ilé ẹjọ́. Oṣù Kọkànlá 2000 ni adájọ́ ní kí wọ́n dá orúkọ náà padà fún un. Ọdún kejì ni ilé ẹjọ́ ní kí Cohen san mílíọ̀nù 65 dọ́là, àmọ́ Cohen ti sá gba Mexico lọ kó tó di pé wọ́n rí i gbá mú. Ohun tó kan àwa ni ohun tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 2003: orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun ìní, a lè jí i, ẹni tó sì fi ohun oníǹkan lé olè lọ́wọ́ lè jẹ̀bi bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé olè ni.

Kò sí ará Mainland l'Ékòó tí èyí máa yà lẹ́nu. Ní Mushin, ní Surulere, ní Ebute Metta, ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sára ògiri: THIS HOUSE IS NOT FOR SALE, BEWARE OF 419. Onílé ń gbé inú ilé rẹ̀, ó ń gba owó háyà lọ́dọọdún, ẹnì kan jókòó sí Tejuosho ó ń fi ayédèrú ìwé ta á fún ẹlòmíràn. Ìyọnu náà pọ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìdáàbòbò ohun ìní ní 2016, tó sọ gbígba ilé onílé tipátipá di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ohun tí ọ̀dà ara ògiri yẹn ń ṣe kò pọ̀: kò ní kí olè má wá, ó kàn ní kí ẹni tó fẹ́ rà béèrè kó tó sanwó. Ìyẹn gan-an ni ohun tó sọnù nínú ọ̀rọ̀ sex.com. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Lápá ti .ng, ìbéèrè pọ̀ títí ó fi sú èèyàn. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, ẹnu ti pọ̀ lórí pé ta ló yẹ kí orúkọ orílẹ̀-èdè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ tiwọn, àwọn onímọ̀ ń sọ tiwọn, ìjọba àpapọ̀ náà fẹ́ ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní 2001 ni ìjọba dá NITDA, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Ajayi láti Yunifásítì Ifẹ̀ sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìpàdé lórí ìpàdé àti ìwé lórí ìwé, wọ́n gbé .ng fún NITDA ní 2004. Ní oṣù Kẹta 2005, àwọn tọ́rọ̀ kàn dá ẹgbẹ́ NiRA sílẹ̀ pé kó máa bójú tó o fún gbogbo ará ìlú. Ọdún 2009 ni orúkọ NiRA tó wọ ìwé ńlá ti àgbáyé gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú. Ìyáàfin Odusote tó gba orúkọ náà ní Yaba wà lára àwọn tó bá a dé ibẹ̀. Ó tún di akọ̀wé àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Ẹni tó bá ń wo ọdún 1995 sí 2009 lè sọ pé wọ́n falẹ̀. Wọ́n falẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ìwé ńlá náà fẹ́ kí ẹni tó ń fi í sílẹ̀ gbà, kí ẹni tó ń gbà á fi hàn pé agbára rẹ̀ ká a, kí ará ìlú sì jẹ́rìí sí i. Kò sí ẹni tó lè fi lẹ́tà Online Classifieds gba .ng.

Orúkọ ti ṣọ́ọ̀bù, ti ilé ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì kò rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2004, ICANN, àjọ tó gba iṣẹ́ Postel lẹ́yìn ikú rẹ̀, mú ìlànà tuntun jáde lórí bí a ṣe ń gbé orúkọ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Èrò rere ló wà nídìí rẹ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń há oníbàárà mọ́lẹ̀, wọn kò jẹ́ kó lọ. Nítorí náà, òfin náà ní bí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá sọ nǹkan kan láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó ti gbà nìyẹn. Oṣù méjì péré ló gbà kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kìn-ín-ní 2005, Panix, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti pẹ́ jù nídìí títa íntánẹ́ẹ̀tì ní New York, jí, ó rí i pé panix.com kì í ṣe tòun mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Australia, ímeèlì àwọn oníbàárà sì ń ya lọ sí Canada. Òpin ọ̀sẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ ti Australia ti ti ọ́fíìsì pa. Ó di ìgbà tí ọ́fíìsì ṣí lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n tó dá a padà. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìgbìmọ̀ ààbò ICANN kọ ìwé gígùn lórí jíjí orúkọ, láti ìgbà náà sì ni títi orúkọ pa, kó má ṣeé gbé lọ láìjẹ́ pé onílé kọ́kọ́ ṣí i, ti di ohun tí ọ̀pọ̀ aforúkọsílẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn forúkọ sílẹ̀, ń ṣe.

Ṣùgbọ́n títi ilẹ̀kùn kò ní ìtumọ̀ bí ẹni tó ń jẹ́ onílé nínú ìwé bá jẹ́ ẹlòmíràn, ibí ni ìtàn Mainland sì ti yàtọ̀ sí ti New York.

Ní òpin àwọn ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2000, káfé íntánẹ́ẹ̀tì kún Yaba, Ojúẹlẹ́gba àti Mushin bí àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà ń sanwó ní wákàtí-wákàtí, àwọn mìíràn a sanwó òru, wọ́n a sì jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìdí òwò tuntun kan nìyẹn: kíkọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Ilé ìwé aládàáni, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìtẹ̀wé, aránṣọ tó ń ta aṣọ sí òkè òkun, gbogbo wọn fẹ́ kí orúkọ àwọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ .com tí wọ́n ń fẹ́, dọ́là ni wọ́n ń fi rà á, káàdì báńkì Nàìjíríà kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní káàdì tó lè ra nǹkan lókè òkun, tàbí tó ní ẹ̀gbọ́n ní London tàbí ní Houston tó lè bá a san án, òun ni gbogbo àdúgbò ń lọ bá.

Báyìí ni àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní káàdì rà á lórúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì ara rẹ̀, nínú àkáǹtì tó kó orúkọ ogójì oníbàárà mìíràn sí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jalè. Ọ̀nà tó yá jù nìyẹn. Oníbàárà náà kò béèrè nǹkan kan, ó san owó ní káàṣì, ó rí àwòrán ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ dùn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì jà lórí owó, tàbí ọ̀dọ́kùnrin náà gba físà lọ, tàbí ó ṣe aláìsí. Ìgbà yẹn ni oníbàárà máa mọ̀ pé nínú ìwé, òun kò ní nǹkan kan. Kò sí ẹni tó jí orúkọ náà gbé. Kò fìgbà kan jẹ́ tirẹ̀.

Kódà ìjọba kò yọ sílẹ̀ nínú sísá lọ sí òkè òkun. Títí di òní, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò orílẹ̀-èdè, INEC, orí inecnigeria.org ló ń gbé. Ní 2014, nígbà tí Google ti Blogspot tí Linda Ikeji, oníbúlọ́ọ̀gì ìròyìn, ń lò pa fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, gbogbo Èkó ló rí i bí orúkọ ńlá ṣe lè dúró lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí orúkọ tirẹ̀, lindaikejisblog.com.

Òfin Nàìjíríà pẹ́ kó tó dé bá a. Ọdún 2015 ni òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà jáde, ìpín rẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ lo orúkọ, orúkọ òwò tàbí orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn láìní ẹ̀tọ́, láti dí onítọ̀hún lọ́wọ́, lè lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tàbí kó gba méjèèjì. Ọmọ tó forúkọ oníbàárà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀ lè sọ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn, lọ́yà sì ń gba owó ju iye tí orúkọ náà tó lọ.

Kò wá yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn kéékèèké nìkan ló ń rí i. Ní àárín oṣù Kẹjọ 2024, gtbank.com, ojúlé ọ̀kan nínú àwọn báńkì tó tóbi jù ní Nàìjíríà, dédé di ohun tí àwọn oníbàárà kò rí wọ̀ bó ti yẹ. Ìròyìn gba ìgboro pé wọ́n ti gba orúkọ náà. Báńkì náà jáde sọ pé àwọn kan gbìyànjú láti fọwọ́ kan orúkọ ojúlé òun lóòótọ́, àmọ́ pé wọn kò ṣe ayédèrú ojúlé náà, òun kò sì tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà síbẹ̀. Ìpayà ọjọ́ bíi mélòó kan yẹn ti tó. Ní Tejuosho àti ní Ojúwoyè, àwọn tó ń fi fóònù sanwó ọjà ń bi ara wọn pé ṣé kí àwọn ṣì tẹ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀.

Olè orúkọ tòde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn. Ímeèlì ló ń wá. Ẹni tó bá ti wọ ímeèlì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, ó lè ní kí wọ́n fi páswọ́ọ̀dù tuntun ránṣẹ́, ó lè ṣí orúkọ tó wà ní títì, ó lè gba kóòdù tí wọ́n fi ń gbé e lọ. Ní Èkó, fóònù ni ọ̀nà tó tún kúrú jù: wọ́n a lọ ṣe ìyípadà síìmù onísíìmù, ímeèlì á sì fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí ọwọ́ olè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ pé kí ímeèlì tí a fi forúkọ sílẹ̀ má gbé lórí orúkọ kan náà; bí info@ ilé-iṣẹ́ náà bá bọ́, lẹ́tà tí yóò kìlọ̀ fún onílé náà ti bọ́ nìyẹn. Wọ́n tún ń sọ pé kí ẹni tó ń wọ àkáǹtì náà lo áàpù tó ń mú nọ́ńbà jáde lórí fóònù, kó má gbára lé síìmù nìkan.

Olè yìí tún ní sùúrù. Perl.com, ojúlé èdè kọ̀ǹpútà kan tí àwọn onímọ̀ ń lò kárí ayé, bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ní oṣù Kẹsàn-án 2020. Kò sẹ́ni tó fura. Ẹni tó gbà á jókòó jẹ́ẹ́, ó jẹ́ kí ọjọ́ tí òfin fi ń dá gbígbé orúkọ dúró kọjá, ó gbé e lọ sí China, ó tún gbé e lọ sí Jámánì. Oṣù Kìn-ín-ní 2021 ni ariwo tó ta. Bí onílé bá ń wo WHOIS, àkọsílẹ̀ orúkọ tó wà fún gbogbo ayé, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kó tó rìn jìnnà, nítorí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ àti bóyá ó wà ní títì wà níbẹ̀ ní gbangba.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí .ng ń gbé, kó gba Funsho Williams Avenue lọ, òpópónà tí wọ́n ń pè ní Western Avenue kí wọ́n tó fi orúkọ olóṣèlú tí wọ́n pa ní 2006 rọ́pò rẹ̀. Iponri, ní Surulere, ni ọ́fíìsì NiRA wà, kò sì jìnnà sí géètì Yabatech. NiRA kì í ta orúkọ fún ará ìlú tààrà. Àwọn aforúkọsílẹ̀ tó fún níwèé àṣẹ ló ń tà á, ní náírà. Ìyẹn nìkan ti já àṣà oníkáàdì dọ́là sí méjì fún ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀: ó lè fi káàdì báńkì tirẹ̀, orúkọ tirẹ̀ àti ímeèlì tirẹ̀ rà á, kó wá fún akọ́wẹ́ẹ̀bùsáìtì ní ààyè láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìfi ìwé lé e lọ́wọ́. NiRA ní ìlànà tirẹ̀ fún yíyanjú ìjà lórí orúkọ .ng, kóòdù sì ni wọ́n fi ń gbé e láti ọ̀dọ̀ aforúkọsílẹ̀ kan lọ sí òmíràn.

Bí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀, ìwé ni gbogbo rẹ̀ ń dá lé. Aforúkọsílẹ̀ á béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ìjọba (CAC), káàdì ìdánimọ̀ ọ̀gá rẹ̀, lẹ́tà tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí, rìsíìtì owó tí wọ́n san lọ́dọọdún àti ímeèlì àtijọ́ láàárín wọn àti ẹni tó kọ́ ọ. Nínú gbogbo èyí, rìsíìtì ni kì í sábà sí ní Mushin, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi san owó náà fún ọmọ àdúgbò, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.